Kí ni a lè ṣe láti dáàbò bo mùdùnmúdùn inú egungun lọ́wọ́ oògùn kímò?

Àbíkẹ́yìn Ìyá (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìtọ́jú ara o. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n rí lára ìyá mi, ẹni ọdún 67. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n gba oògùn kímò lẹ́ẹ̀mẹrin, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Doxorubicin àti cyclophosphamide ni orúkọ oògùn méjèèjì. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́ láìsí wàhálà tó ju èébì ọjọ́ méjì lọ, irun wọn sì re. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà lọ fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì ní kí a máa lọ sílé kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ funfun wọn kò tíì gbérí.

Ìwé àyẹ̀wò náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ neutrophil sí, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń bá àrùn jà, 0.9 ni mo rí, ọfà kékeré tó dorí kodò sì wà níwájú rẹ̀. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé kò wá tó ẹyọ kan ṣoṣo ni?” N kò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Dókítà ní oògùn náà ló dé mùdùnmúdùn inú egungun wọn, àti pé bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun lè dín ìwọ̀n oògùn kù tàbí kí òun fi abẹ́rẹ́ kan kún un. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa lọ́jọ́ náà, n kò sì ráyè béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi.

Kí ni oògùn yìí ń ṣe fún mùdùnmúdùn gan-an? Ṣé ó máa ń padà bọ̀ sípò? Kí ni a sì lè ṣe láti dáàbò bò ó, kí ìtọ́jú má bàa máa fà sẹ́yìn? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi yékéyéké.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú wàhálà ìyá o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n jèrè yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú 0.9 yẹn fún yín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì náà, nítorí náà ohun tí ìwé yín ń sọ ni pé neutrophil 900 ló wà nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó kéré gan-an. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní tó 1,500 ó kéré tán. Ibi tí ọkàn àwa nọ́ọ̀sì kì í balẹ̀ mọ́ ni ìsàlẹ̀ 500. Ìyá yín kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dé ibẹ̀ nínú ilé kí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Mùdùnmúdùn ni ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àgbàlagbà, egungun ìbàdí, igbá àyà, egungun ìhà àti ti ẹ̀yìn ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìyá gbogbo ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń sinmi. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ló ń pín ara wọn sí méjì-méjì tọ̀sán-tòru láìsinmi. Oògùn kímò kò mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lójú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín ara rẹ̀ kíákíá ló máa ń mú, ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, tí mùdùnmúdùn sì ń jìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì náà ń sùn nígbà tí oògùn kọjá, wọ́n á jí, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń padà bọ̀ sípò.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni ọjọ́ orí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Neutrophil kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Platelet, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, máa ń lo ọjọ́ 8 sí 10. Ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Bí iṣẹ́ bá dúró nínú mùdùnmúdùn fún ọ̀sẹ̀ kan, neutrophil ló máa kọ́kọ́ tán, nítorí pé kò sí àṣẹ́kù tó lè pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ oògùn, ó máa ń balẹ̀ jù láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí a gbà á. Àwọn kan wà tí tiwọn máa ń pẹ́: carmustine àti lomustine lè má fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, wọ́n sì ti fi bẹ́ẹ̀ tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Ẹ sàmì sí àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn lórí kàlẹ́ńdà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹlẹ́mìí Ìrètí

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín, ọmọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, dókítà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì fún un ní folic acid kí ó máa lò ó lójoojúmọ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ fítámì B12, kí mùdùnmúdùn rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún un gidigidi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ rí. Ẹ ra folic acid fún ìyá yín, ẹ fi oògùn tó ń fún ara lẹ́jẹ̀ kún un, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀. Fítámì kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Apòògùn Ọ̀ọ́kán

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́mìí Ìrètí, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òótọ́ náà mọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ ni.

Ó dá mi lójú dé ìwọ̀n àyè kan pé pemetrexed wà lára oògùn tí ẹ̀gbọ́n yín gbà. Oògùn yẹn ń gba folate, ìyẹn fítámì tí folic acid jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀, mọ́ sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì kò sì lè pín ara rẹ̀ láìsí folate. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, wọ́n rí i pé àwọn tí folate ara wọn kò tó ni mùdùnmúdùn wọn ń bàjẹ́ jù. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé kí ẹni tó máa gbà á bẹ̀rẹ̀ folic acid, láti 400 sí 1,000 microgram lóòjọ́, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ B12 ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pẹ̀lú. Fítámì náà jẹ́ ara ìlànà oògùn yẹn gan-an.

Ẹ wá wo methotrexate, oògùn kímò mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá fún ènìyàn ní ìwọ̀n rẹ̀ tó ga gan-an, ó lè pa onítọ̀hún bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí wákàtí 24 lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní leucovorin, ẹ̀yà folate kan tó lè gba ẹ̀yìn ibi tí methotrexate dí kọjá, wọn kò sì ní dáwọ́ rẹ̀ dúró títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi máa fi hàn pé methotrexate ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ara. Bí wọ́n bá fún un ní leucovorin ṣáájú àkókò, wọ́n lè gba jẹjẹrẹ là pẹ̀lú. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, mùdùnmúdùn á ti lọ.

Ẹ̀wẹ̀, bí ó bá jẹ́ fluorouracil tàbí capecitabine ni ènìyàn ń gbà, folate kan náà ló ń mú kí oògùn náà so mọ́ ibi tó ń bá jà pinpin. Ẹni tó bá ń gbé folic acid mì fúnra rẹ̀ nígbà yẹn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ oògùn di líle ju bí dókítà ṣe wọ̀n ọ́n lọ, kí ìgbẹ́ gbuuru àti ẹnu bíbó sì dá a dùbúlẹ̀. Nítorí náà, n kò lè fara mọ́ ọn pé fítámì kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀, oògùn méjèèjì tí ìyá yín ń gbà kò gba ọ̀nà folate ṣiṣẹ́ rárá. Doxorubicin àti cyclophosphamide ń ba okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ tààrà. Folic acid kò lè dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn, àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé tiwọn kò tó tẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kún un, yálà ewé ni tàbí kóró, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì fi han apòògùn ilé ìwòsàn yín kí ìyá tó fi kan ẹnu.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí ààbò. Àwọn kan wà tí ara wọn kò lè yọ́ oògùn kan dànù nítorí àbùdá tí wọ́n bí mọ́ wọn. Ẹni tí DPD rẹ̀ kò tó, ìyẹn ẹńsáìmù (èròjà inú ara) tó ń yọ́ fluorouracil dànù, fluorouracil tó bá ẹlòmíràn mu lè jẹ́ májèlé fún un. Bákan náà ni mercaptopurine, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, fún ọmọdé tí ẹńsáìmù TPMT tàbí NUDT15 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Àyẹ̀wò wà tí wọ́n lè ṣe ṣáájú. Bí ẹ bá wà lórí èyíkéyìí nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, ẹ béèrè fún un.

Ẹlẹ́mìí Ìrètí

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìwé ẹ̀gbọ́n mi ni, pemetrexed ni lóòótọ́. Mo ti gba àwọn méjì nímọ̀ràn folic acid yìí rí, mo ń lọ pè wọ́n báyìí kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn.

Àbíkẹ́yìn Ìyá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ka èsì nọ́ọ̀sì sí ìyá mi létí, wọ́n sì ní kí n kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ wo ni dókítà ń sọ, èwo ló sì sàn nínú kí wọ́n dín oògùn kù àti kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà?

Oníṣègùn Ẹ̀jẹ̀

Àbíkẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sọ ni èyí tí a mọ̀ sí G-CSF. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ohun náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ké sí mùdùnmúdùn pé kí ó yára bí neutrophil. Ní ọdún 1966, ní Melbourne ní Ọsirélíà, Ray Bradley àti Donald Metcalf kéde pé àwọn ti rí sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eku tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lórí agar, ohun bíi jẹ́lì tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, bí ohun kan bá ti wà níbẹ̀ tó ń ta wọ́n jí. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Filgrastim, èyí tí a ṣe fún lílò gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1991. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un títí neutrophil á fi gbérí. Pegfilgrastim, tí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún ìpele kọ̀ọ̀kan, dé ní 2002.

Àkókò tí wọ́n ń gún un ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ó kéré tán, wákàtí 24 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí oògùn kímò bá parí. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ yìí ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì dìde láti pín ara wọn, bí wọ́n bá sì jí nígbà tí oògùn ṣì ń káàkiri inú ẹ̀jẹ̀, a ti kó wọn lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Nítorí ìdí kan náà, a kì í gún pegfilgrastim nígbà tí ó bá ku ọjọ́ tó dín ní 14 sí kímò tó kàn.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló nílò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àpapọ̀ oògùn kan bá lè fa ibà pẹ̀lú àìtó neutrophil fún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 tó gbà á, a máa ń fún wọn láti ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá wà láàárín 10 sí 20, a máa ń wo ẹni tó wà níwájú wa: ṣé ó ti lé ní 65, ṣé àrùn mìíràn wà lára rẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀ rí? Oògùn ìyá yín wà ní àárín náà, ọdún wọn sì jẹ́ 67, ìtọ́jú wọn sì ti fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí èmi bá jẹ́ dókítà wọn, abẹ́rẹ́ náà ni mo máa yàn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwòsàn pátápátá ni a ń lépa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní 1995, Gianni Bonadonna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan tẹ ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn 20 ọdún jáde, lórí àwọn obìnrin tó gba kímò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn tó gba 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún wọn ló jèrè jù; àwọn tí tiwọn kò tó 65 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan. Dídín oògùn kù máa ń gba mùdùnmúdùn sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè gba jẹjẹrẹ náà sílẹ̀. Fún ẹni tí a ń tọ́jú kí ara lè tù ú lásán, tí ìwòsàn kò sí lójú ọ̀nà mọ́, èmi fúnra mi a máa dín oògùn kù láìjanpata, nítorí pé ìrọ̀rùn rẹ̀ ló ṣe kókó nígbà náà.

Bí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ múra sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́rí díẹ̀ àti egungun ríro, pàápàá ní ìbàdí, ẹ̀yìn àti igbá àyà. Mùdùnmúdùn tó ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló ń fà á, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn loratadine, èyí tí àwọn ènìyàn ń lò fún ara yíyún, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrora líle lápá òsì, lábẹ́ ìhà, kì í ṣe ohun tí a ń fara dà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀. Láti ara ìpalára tí a ń sá fún yìí ni oògùn kímò ti jáde wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1943, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ọkọ̀ ojú omi tó kó gáàsì mustard, gáàsì olóró tí wọ́n fi ń jagun, ní èbúté Bari ní Ítálì, Stewart Alexander, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n rán lọ síbẹ̀, sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn tó fara gbá a ń já wálẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Louis Goodman àti Alfred Gilman ti fi ìbátan gáàsì náà tọ́jú ẹni tó ní lymphoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan. Cyclophosphamide tí ìyá yín ń gbà, ọmọ ìdílé yẹn ni. Bí mo bá ń kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn, mo máa ń rántí pé ohun tó ń wo jẹjẹrẹ sàn àti ohun tó ń lu mùdùnmúdùn, ọ̀kan náà ni.

Ọmọ Bàbá Lókè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, bàbá mi ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró irú oní-sẹ́ẹ̀lì kékeré, ó sì ti tàn ká. Tiwọn kò jọ èyí tí ẹ ń sọ. Kí wọ́n tó fa carboplatin àti etoposide sí wọn lára, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fa oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní trilaciclib fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ó ń mú kí mùdùnmúdùn sùn kí oògùn líle tó dé. Ó yà mí lẹ́nu pé a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbí. Ṣé ìyá tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè gbà á ni?

Oníṣègùn Ẹ̀jẹ̀

Àpèjúwe nọ́ọ̀sì yẹn dára púpọ̀. G-CSF ń jí mùdùnmúdùn lẹ́yìn tí oògùn ti kọjá. Trilaciclib ń mú kí ó sùn kí oògùn tó dé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè kan kọjá, àwọn ẹńsáìmù tó ń jẹ́ CDK4 àti CDK6 ló sì ń ṣí ẹnubodè náà. Trilaciclib á tì í fún ìgbà díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn á dúró níbi tó wà, oògùn kímò á kọjá, a ó sì tún ṣí ilẹ̀kùn. Nítorí pé láti orísun ló ti ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa náà máa ń jàǹfààní níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé neutrophil nìkan ni iṣẹ́ G-CSF wà fún. Ó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fà á láàárín wákàtí mẹ́rin ṣáájú kímò, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kímò bá wà.

Ìdí tó fi bá bàbá yín mu ni pé jẹjẹrẹ oní-sẹ́ẹ̀lì kékeré sábà máa ń ti pàdánù èròjà kan tó ń jẹ́ RB, èyí tí ẹnubodè náà dúró lé. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ti ya kúrò lára férémù, kò sí bí a ṣe lè tì í mọ́ ọn, nítorí náà òun nìkan ni oògùn máa bá lójú fò. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ṣì ní RB tirẹ̀ lódindi. Bí a bá mú kí mùdùnmúdùn sùn níbẹ̀, a lè mú kí jẹjẹrẹ náà sùn pẹ̀lú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bí ti bàbá yín ni àṣẹ tí mo sọ yìí wà fún, kì í ṣe ti ọmú.

Mo Rí Ọ̀la

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó parí láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lymphoma ni èmi ní. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn kímò mi kẹta, òtútù dédé mú mi lórí ibùsùn, eyín mi ń lu ara wọn. Ọkọ mi fi òṣùwọ̀n ìgbóná ara sí mi ní abíyá, 38.4 ló kà. Kò sí ikọ́, kò sí egbò, ọ̀fun kò dùn mí. A ní bóyá àárẹ̀ ni. Mo lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, ìgbóná náà rọlẹ̀ di 37.2, inú wa sì dùn, a sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo fẹ́ dìde lọ fọ ẹnu ni mo ṣubú. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí a tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà nílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ tàbí egbò lára mi. Ọkọ mi ló pariwo pé, “Kímò ni ìyàwó mi ń gbà!” Neutrophil mi jẹ́ 0.1. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà lórí ibùsùn.

Dókítà kan ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní neutrophil ló ń di ọyún, àwọn ló sì ń mú kí ojú egbò wú kó sì pọ́n. Bí wọn kò bá sí lára, àrùn lè wọlé kí ó má fi àmì kankan hàn, ìgbóná ara nìkan ló sì lè kù láti ké gbàjarè. Èmi fi parasitamọ́ọ̀lù pa ohùn ẹyọ kan tó kù náà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú ewu o, Mo Rí Ọ̀la. Àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí mọ́ ara ògiri. Bí ìgbóná ara ìyá bá kan 38.3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tí ó wà ní 38.0 fún wákàtí kan, ilé ìwòsàn yá, ìbáà jẹ́ òru. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé kímò ni wọ́n ń gbà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á kẹ́yìn. Oògùn apakòkòrò gbọ́dọ̀ wọ iṣan wọn láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú tí ẹ bá débẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dúró de èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ìgbóná kí wọ́n tó lo oògùn ìrora èyíkéyìí, pàápàá bí egungun bá ń ro wọ́n nítorí abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má ṣe fi òṣùwọ̀n sí wọn ní ìdí, ẹ má sì ṣe fún wọn ní oògùn àtìbọ̀dí, torí pé ojú ara tó bó díẹ̀ níbẹ̀ tó ọ̀nà fún àrùn. Ẹni tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe, kí ó kí wọn lórí fóònù. Ọwọ́ fífọ̀ ni olórí gbogbo rẹ̀, tiyín àti tiwọn. Ní ti oúnjẹ, wọn kò tíì rí ẹ̀rí pé kíkọ gbogbo èso tútù sílẹ̀ ń dín àrùn kù. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹran àti ẹyin sì jinná dénú.

Ọmọ Bàbá Lókè

Ìbéèrè mi kẹ́yìn rèé: ẹ̀jẹ̀ pupa bàbá mi (hemoglobin ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, g/dL) ti wá sí 9.1. Mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ wà fún ìyẹn náà.

Apòògùn Ọ̀ọ́kán

Ó wà, epoetin àti darbepoetin ni, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ líle wà lórí wọn láti 2007, nítorí pé nínú àwọn ìwádìí kan, ẹ̀mí àwọn tó gbà wọ́n kúrú tàbí kí jẹjẹrẹ wọn yára dàgbà, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú iṣan wọn. A kì í lò wọ́n fún ẹni tí ìwòsàn pátápátá jẹ́ èrò ìtọ́jú rẹ̀, nítorí náà wọn kò kan ìyá Àbíkẹ́yìn. Fún irú ipò tí bàbá yín wà, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti wá sí ìsàlẹ̀ 10, dókítà lè gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú yín, tàbí kí ó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Ní ti platelet, a sábà máa ń fà á sí ènìyàn lára bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 10,000 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, tàbí ṣáájú ìgbà náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà.

Àbíkẹ́yìn Ìyá

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. Wọ́n gba kímò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n oògùn náà kò sì dín. Mo béèrè fún abẹ́rẹ́ náà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi, dókítà sì gbà. Wákàtí 26 lẹ́yìn kímò ni wọ́n gún pegfilgrastim fún wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìbàdí ro wọ́n débi pé wọn kò lè jókòó pẹ́. Mo wọn ìgbóná wọn, ó jẹ́ 36.8, mo tó fún wọn ní oògùn ìrora. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìrora náà ti lọ.

Ìwé àjákọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn, tí a fi ń kọ ìgbóná ara wọn sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti ọjọ́ keje dé ìkẹrìnlá, n kò sùn ju ojú kan lọ. Òun tó ga jù tí a rí ni 37.5.

A padà lọ ní ọjọ́ kọkànlélógún. Kí nọ́ọ̀sì tó na ìwé àyẹ̀wò náà sí mi, ìyá mi ti gbà á. Wọ́n fi ìka tọ ìlà náà títí wọ́n fi dé ibi tí neutrophil wà, wọ́n wo 3.4, wọ́n ní, “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti irínwó.” Wọ́n gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ ti ọ̀la ti wà nínú fíríìjì, wọ́n sì ní kí a gbé e jáde ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí nọ́ọ̀sì tó dé, kí ó má bàa tutù jù lára wọn.